Aṣọ Là Ń Kí, Kí A Tó Kí Ènìyàn: Ìtàn Orin àti Ìmúra Àwọn Ọ̀dọ́ Láàárín Wa

 Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. 

Nígbà tí a fẹ́ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ìpàdé mẹ́ta ni a ṣe. Ìpàdé àkọ́kọ́ dá lórí orúkọ tí ẹgbẹ́ yóò máa jẹ́. Kò gbà wá ju wákàtí kan lọ. Ìpàdé kejì dá lórí òfin ẹgbẹ́. A ka òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a tún èyí tó yẹ ṣe, a sì jẹun kí a tó túká. Ìpàdé kẹta dá lórí aṣọ tí a ó wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba. Ìpàdé yẹn ni ilẹ̀ ṣú bá. Àwọn kan ní àwọ̀ búlúù, àwọn kan ní àwọ̀ ewé, àwọn kan fi ìbínú dìde, wọ́n ní bí kò bá jẹ́ léèsì, àwọn kò bá wọn lọ. Àgbàlagbà tó ní ọmọ nílé, tó ń ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́, ni wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ bí ọmọdé.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí ní kí ẹ̀ka ìpolongo kọ ìtàn kan síbẹ̀, ìpàdé kẹta yẹn ló wá sí wa lọ́kàn. Àwọn orúkọ alága àti akọ̀wé wà ní ojú ìwé mìíràn. Níhìn-ín, a fẹ́ sọ ìtàn aṣọ: bí ìran kọ̀ọ̀kan láàárín wa ṣe fi orin àti ìmúra wá ọ̀nà láti jẹ́ ara rẹ̀, àti bí ìran kọ̀ọ̀kan ṣe bá ara rẹ̀ nínú àwùjọ àwọn tó múra bákan náà. Ọ̀rọ̀ náà jọ eré, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré. Ẹ óò rí i níwájú pé ó ti lé ènìyàn kúrò láàárín wa, ó sì ti gba ẹ̀mí níbòmíràn.

Kóòtù, táì àti fèrè

Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ ní àwọn ọdún 1950, orin háíláìfù ni tiwọn. Bobby Benson ti ìlú òyìnbó dé ní 1947, ó sì dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn bíi Victor Ọláìyá, tí fèrè rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé, àti Roy Chicago, tó fi gángan kún háíláìfù, gba ìgboro kan. Bí àwọn eléré wọ̀nyí bá dúró lórí ìtàgé, kóòtù kan náà ni wọ́n máa ń wọ̀, pẹ̀lú táì tàbí ọrùn olókùn kékeré tó dà bí labalábá. Àwọn ọ̀dọ́ akọ̀wé tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó wò wọ́n, wọ́n sì ṣe bíi tiwọn. Ẹni tó bá wọ kóòtù lọ sí òde ijó lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ń sọ fún aráyé pé òun ti kúrò lóko, òun ti mọ̀wé, ìgbà tuntun ti dé.

Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn. Gèlè tí wọ́n ń pè ní onílégogoro ga sókè lórí wọn bí ilé alájà, Roy Chicago sì ní orin kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an. Orin ń fún aṣọ lórúkọ, aṣọ sì ń gbé orin kiri. Láti ìgbà yẹn títí di òní, àwọn méjèèjì kò yà.

Ọmọ tó bọ́ kóòtù sílẹ̀

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ti bá ẹgbẹ́ Victor Ọláìyá ṣeré kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Fẹlá ni orúkọ rẹ̀. Ní 1969, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí irun orí wọn hù bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ní 1970, James Brown wá sí Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó gbọ́ orin rẹ̀, tó sì rí ìmúra rẹ̀, kò fẹ́ dà bí akọ̀wé mọ́. Irun áfúrò gba ìlú. Ṣòkòtò tó fún ní itan tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì gba ìlú. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi bíríkì, tí wọ́n ń pè ní gàrántíìdì, gba ìlú.

Ní 1973, Fẹlá ṣe àwo orin kan tó pè ní Gentleman. Ẹni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀ ni ọmọ Áfíríkà tó ń wọ kóòtù, ìbọ̀sẹ̀ àti táì nínú oòrùn wa yìí, tó ń làágùn, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀làjú. Àwa tí a jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì nínú ẹgbẹ́ yìí kì í gbádùn orin yẹn tán, nítorí pé tiwa ló ń sọ. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, kóòtù àti táì ni a fi ń pààrà iṣẹ́. Ó di Ọjọ́ Ẹtì kí ọ̀gá tó fún wa láyè láti wọ bùbá àti ṣòkòtò. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù sì dákẹ́, Fẹlá ló máa ń wá sí wa lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n Fẹlá kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé wọn tó fi aṣọ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, kàwé dé ìlú òyìnbó, ó sì wọ aṣọ òyìnbó nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó ń kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ ní àwọn ọdún 1940 láti kọ owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, kí àwọn ìyá ọlọ́jà má baà rò pé òun ga jù wọ́n lọ. Ẹ wo ohun tí aṣọ lè ṣe. Aṣọ tí gbogbo obìnrin ọjà ń wọ̀ ni obìnrin kan tó yàtọ̀ sí gbogbo wọn yàn láti wọ̀, yíyàn yẹn sì fi irú ẹni tó jẹ́ hàn ju aṣọ olówó ńlá lọ. Wíwọ ohun kan náà kò túmọ̀ sí pé ènìyàn kò ní ọkàn tirẹ̀.

Ìyà tó tẹ̀lé e kò kéré. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá tó ń pè ní Kàlàkúta, wọ́n lu àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì sun ilé náà. Wọ́n ju ìyá àgbàlagbà yìí láti ojú fèrèsé. Ọdún tó tẹ̀lé e ló kú. Kì í ṣe nítorí aṣọ nìkan, a mọ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà yẹn, ẹni tó bá ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, tó ń kó irú irun bẹ́ẹ̀, tó sì ń gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀, ìyàkíyà tó bá jẹ ẹ́, òun ló fà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A óò padà sí i.

Ẹgbẹ́jọdá

Bí àwọn kan ṣe ń tẹ̀lé Fẹlá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé jùjú. I.K. Dáìró ti gba oyè MBE lọ́wọ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní 1963. Lẹ́yìn rẹ̀, Ebenezer Obey àti Sunny Adé gba òde ìnáwó kan. Owó epo rọ̀bì dé, owó Údójì dé ní 1975, léèsì tí wọ́n ń kó wá láti Austria sì kún ọjà. Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́jọdá gbilẹ̀ gan-an. Bí ẹgbẹ́ kan bá wọ òde pẹ̀lú aṣọ kan náà, eléré yóò rí wọn lókèèrè, yóò kì wọ́n, yóò pe orúkọ alága wọn, owó yóò sì máa lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ẹni tí kò bá wọ aṣọ náà, kódà bó jẹ́ òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, eléré kò ní rí i. Àwọn obìnrin ń di irun tí wọ́n fi orúkọ afárá Èkó tuntun pè, ìyẹn Èkó Bridge. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú ń hàn lórí, ó ń hàn lára.

Ní tòsí wọn, orin mìíràn ń dàgbà. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó ń fi wéré jí ènìyàn fún sààrì nínú oṣù Ààwẹ̀ kò mọ̀ pé ohun tó máa kárí ayé ni wọ́n ń ṣe. Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá sọ ọ́ di fújì, aṣọ ìbílẹ̀ ni wọ́n sì sábà ń wọ̀ ṣeré. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan tó ti ń bá Barrister gbé ẹrù eré dìde. Wàsíù Àyìndé ṣe àwo Tálázò ní 1984, ó sì gbé jíìnsì, fẹ́ẹ̀sì káàpù àti bàtà kánfáàsì gun orí ìtàgé fújì. Àwọn àgbà ké pé ó ti ba orin jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ra fẹ́ẹ̀sì káàpù. Lónìí, bí Wàsíù bá fẹ́ ṣeré fún àwọn èèkàn ìlú, agbádá ńlá ni ó ń wọ̀, kò sì sí ẹni tó rántí pé wọ́n ti pe jíìnsì rẹ̀ ní ìbàjẹ́ rí.

Ṣòkòtò ẹni mẹ́ta

Ó wá kan àwa. Ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ yìí wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní àárín àwọn ọdún 1990. Orin Amẹ́ríkà ń dé bá wa lórí kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Tupac Shakur kú ní 1996, àwọn ọmọkùnrin wa ń so aṣọ ìnujú mọ́ orí bíi tirẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n wọn ló kú. Láti Ajégúnlẹ̀, Daddy Showkey kó ijó gálálà wá. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, àwọn Remedies fi Sakomo hàn wá pé Yorùbá náà lè wọ inú orin hip-hop. Bàgí ni ṣòkòtò ìgbà náà. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ni iyì rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Owó bàgí kò sí lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Mẹ́ta nínú wa da owó jọ, wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà ní ọjà Òkè-Àjẹ́, wọ́n sì ra ẹyọ kan. Wọ́n pín in bí ẹni pín oko: ọ̀kan ní Sátidé, ọ̀kan ní Sunday, ẹ̀kẹta ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ẹni tó sanra jù nínú wọn nìkan ni ṣòkòtò náà bá mu. Àwọn méjì tó kù fi okùn dì í mọ́ ìdí. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ló ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ wa lónìí, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tí a rántí rẹ̀ ni pé nígbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi àwọn mẹ́ta yìí pé kí ni wọ́n fẹ́, wọ́n á ní àwọn fẹ́ dá yàtọ̀. Ẹni mẹ́ta fẹ́ dá yàtọ̀, ṣòkòtò kan ni wọ́n ń gbà wọ̀.

Àwọn ọmọbìnrin wa ní tiwọn. Ní 1997, Túndé Kèlání sọ ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, tó jáde ní 1974, di fíìmù. Ìró kúkúrú àti bùbá tí àwọn ọmọge inú fíìmù náà wọ̀ gba gbogbo ìlú. Olékù ni gbogbo télọ̀ ń rán. Ìyá tó ti wọ̀ ọ́ ní ìgbà ọmọge tirẹ̀ wá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó kúrú jù.

Ní ti bàgí wa, kò pẹ́ láyé. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn bá a lára okùn tí wọ́n sá a sí. Ó ní ṣòkòtò ìpáǹle ni, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e láti orúnkún. Ọmọ rẹ̀ sunkún, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Bàbá náà kú ní ọjọ́ ogbó, a sì lọ bá ọ̀rẹ́ wa wá fọ́tò tí yóò wọ inú ìwé ìsìnkú. Nínú àpótí kan lábẹ́ ibùsùn ni a ti rí i: ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró ní iwájú ilé ayafọ́tò, irun áfúrò rẹ̀ ga, ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ tó fi bo bàtà gàrántíìdì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wà ní ọ̀tún àti òsì, irun kan náà, ṣòkòtò kan náà. Lẹ́yìn fọ́tò náà ni wọ́n kọ 1974 sí. Ọ̀rẹ́ wa wò ó títí. Ó ní, "Àwọn náà jẹ́ mẹ́ta." Fọ́tò yẹn ni wọ́n fi sí iwájú ìwé ìsìnkú bàbá náà.

Kò sí ẹni tó gbàgbé èwe rẹ̀ bí ẹni tó ti bímọ. Àwọn òbí wa kò purọ́ fún wa; ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ayé so wá lọ́jọ̀ dáadáa.

Àwọn tí kò wọ bẹ́líìtì

Ó wá kan àwọn ọmọ wa. Ní 2019, orin Naira Marley gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ kan, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Marlians. Wọ́n ní àwọn kì í tẹ̀lé òfin ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀ ni pé wọn kì í wọ bẹ́líìtì. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ òfin ní òfin kan, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá sì wọ bẹ́líìtì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. A rẹ́rìn-ín sí wọn, títí tí ọ̀kan nínú wa fi rántí ìpàdé kẹta wa, níbi tí àwa fúnra wa ti fi owó ìtanràn lé ẹni tó bá wá sí òde láìwọ aṣọ ẹgbẹ́.

Irun dàdá ni èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ta ló ní dàdá? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí a bí pẹ̀lú irun tó ta kókó, Dàdá ni orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀. A kì í ṣàdédé gé irun rẹ̀, owó ẹyọ ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn. Ọkùnrin tó jẹ́ ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń di irun. Ìlàrí Ọba Ọ̀yọ́ ń fá apá kan orí sílẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn olóólà sì ń fín kóló sí ara àwọn ènìyàn fún ẹwà, kí tátùú tó dé. Àwọn ohun tí a ń pè ní àṣàkaṣà lónìí, púpọ̀ nínú wọn ti sùn nílé wa kí wọ́n tó lọ sí ìrìn àjò.

A sọ níṣàájú pé a óò padà sí ọ̀rọ̀ Kàlàkúta. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ jáde ní ìlú káàkiri lórí ọ̀rọ̀ SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó yẹ kí ó máa mú adigunjalè. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí ọ̀dọ́ bá ní dàdá, tó ní tátùú, tó gbé kọ̀ǹpútà sínú báàgì, àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí á dá a dúró, wọ́n á pè é ní ọmọ Yahoo, wọ́n á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á lù ú, àwọn kan kò sì padà délé. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ìjọba kéde pé àwọn tú SARS ká. Ní ọjọ́ 20, wọ́n yìnbọn ní ẹnubodè Lẹ́kkí. Òbí ni púpọ̀ nínú wa nígbà yẹn. Àwọn ọmọ wa wà níta, a sì ń fi fóònù wá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sọ fún ọmọ tirẹ̀ rí pé, "Gé irun yẹn, kí wọ́n má baà pè ọ́ ní olè." Ìmọ̀ràn òbí ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá ń sọ ọ́, ọlọ́pàá náà ń gbọ́, ó sì ń rò pé gbogbo ìlú ti gbà pé irun ni olè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa

Kò yẹ kí a sọ ti ọlọ́pàá kí a gbàgbé tiwa. Ohun méjì wà nínú ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ yìí tí a kò fẹ́ kí ìwé ìrántí fò.

Èkíní ṣẹlẹ̀ ní ọdún karùn-ún wa. Ọ̀kan nínú wa tí kì í pa ìpàdé jẹ kò wá sí òde. A ní ó ti ń gbéra ga. A kọ ìwé ìtanràn sí i. Ó tó oṣù mẹ́rin kí a tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé owó aṣọ tí a dá ní ọdún yẹn tó owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ fún sáà kan. Kò lè san án, ojú sì ń tì í láti wọ aṣọ mìíràn wá sí àárín wa. Aṣọ tí a dá kí a lè jẹ́ ọ̀kan ni ó yọ ọ̀kan kúrò nínú wa. Ó ti padà báyìí, Ọlọ́run ti ṣí ọ̀nà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ síhìn-ín.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹjọ. A kọ ọ́ sí ìwé ìpè wa pé a kò fẹ́ dàdá, a kò fẹ́ jíìnsì tó ya, ní òde wa. Àwọn ọmọ tí a fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣe ohun tí a ní kí wọ́n ṣe: wọ́n dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní dàdá padà. Ó jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi, pẹ̀lú àpò dúdú kan ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, eléré tí a pè kò bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan kọjá kí olórí wọn tó wá bá wa pé ẹni tó ń tẹ dùùrù àwọn kò tíì dé. Òun ni. Nígbà tí a mú un wọlé, kò sọ ohunkóhun, ó kàn so ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀. Háíláìfù àtijọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ débi pé àwọn ìyá wa tó ti ń sùn lórí àga dìde, wọ́n sì jó. A fún un lówó, ó gbà á, ó sì kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sí ẹni tó rí ojú rẹ̀ nínú wa tí inú rẹ̀ dùn tán ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ojúde Ọba

Bí ẹnikẹ́ni bá wá rò pé a fẹ́ kí a pa ẹgbẹ́jọdá rẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá. Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ń wọ Ojúde Ọba lẹ́sẹẹsẹ, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú àwọ̀ tirẹ̀, tí ìdílé àwọn Balógun sì ń gun ẹṣin bọ̀, kò sí ohun tó dà bí i. Aláyélúwà Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí wọ́n gorí ìtẹ́ ní 1960, tí wọ́n sì wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, ni wọ́n jí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dìde tó fi di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò. Ẹni tó bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ yẹn mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo láyé.

Ní 2024, fọ́tò kan láti Ojúde Ọba kárí ayé. Ọ̀gbẹ́ni Farooq Oreagba ni, lórí ẹṣin, nínú aṣọ tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ jọ wọ̀, pẹ̀lú awò dúdú lójú, sìgá ńlá lọ́wọ́, tátùú lápá. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún dáadáa, ó sì ti ń bá àìsàn jẹjẹrẹ jà fún ọdún púpọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ gbé fọ́tò náà kiri, tí wọ́n sì ń yìn ín. Aṣọ ìdílé ló wọ̀, kò sì sí ẹni tó ṣi í mú fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ká ní ọ̀dọ́ kan tí a kò mọ bàbá rẹ̀ ló gbé tátùú yẹn wá sí ẹnu ọ̀nà òde tiwa ní ọdún kẹjọ, orí òkúta lábẹ́ igi ni yóò jókòó sí.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa nìyẹn. Láti orí kóòtù Bobby Benson títí dé orí àwọn tí kò wọ bẹ́líìtì, ohun méjì ni ọ̀dọ́ ń fi aṣọ wá lẹ́ẹ̀kan náà: kí a rí òun, kí a sì gba òun mọ́ra. Àwa àgbà náà ń wá a. Aṣọ dára bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn tí a gbà wọlé bá ara wa. Bó bá ti di ògiri, ó ti bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ rí i pé fìlà àti gèlè nìkan ni a dá fún àjọ̀dún ọdún kẹwàá yìí. Aṣọ tó bá wù yín, tí agbára yín sì ká, ni kí ẹ wọ̀ sí i. Ìpàdé tí a fi fẹnu kò lórí rẹ̀ kò rọrùn; ilẹ̀ tún ṣú bá wa. Àwọn kan kò tíì gbà tán, ẹgbẹ́ sì ni wá, a óò máa bá ara wa sọ ọ́. Ẹ̀yin àlejò wa, bí ẹ bá wo ìwé ìpè yín, ẹ kò ní rí ohun tí a kọ ní ọdún kẹjọ mọ́. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, pẹ̀lú irun wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin onídùùrù yẹn náà ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí i, orúkọ rẹ̀ ni a sì kọ sí i lára.

Ẹgbẹ́ wa kò ní túká. A kò ní fi aṣọ ayọ̀ bo ojú ẹkún. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.